Bàbá Ò Fẹ́ Kí Ojú Òun Là

Ìpè kan ṣoṣo ni, ní ọ̀sán ọjọ́ tí ìtọ́jú ojú ọ̀fẹ́ máa parí. Sugni wà nínú àgbàlá ọsibítù ẹgbẹ́ aláàánú kan ní Rajasthan, òun àti Hukmaram, bàbá ọkọ rẹ̀. Pemaram, ọkọ rẹ̀, wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀nà jíjìn, ní Surat, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ hun aṣọ.

[Fóònù ń dún. Ariwo ẹ̀rọ ìhunṣọ.]

PEMARAM: Hẹ́lò? Hẹ́lò?

SUGNI: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Lichmi.

PEMARAM: Ìyá Lichmi. Ṣé kò sí o?

SUGNI: Kò sí o. Ṣé ẹ ti jẹun?

PEMARAM: Mo ti jẹun. Ìwọ ńkọ́?

SUGNI: Kí lẹ jẹ?

PEMARAM: Sugni, ọ̀sán gangan rèé. Ìwọ kì í pè mí lọ́sàn-án. Ta ló kú?

SUGNI: Kò sẹ́ni tó kú. Ṣé ìyàwó ò lè béèrè oúnjẹ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ mọ́ ni?

PEMARAM: Ìyàwó tó máa ń fláàṣì mi kí n lè pè é padà—

SUGNI: Rótì lẹ jẹ àbí ìrẹsì?

PEMARAM: Rótì. Ó le bí awọ bàtà. Ó yá, wí tẹnu ẹ.

SUGNI: Ojú ọjọ́ dára níbí. Wọ́n fún wa ní tíì. Bàbá yín náà ń mu tíì.

PEMARAM: Ó ń mu ún níbo?

SUGNI: Lábẹ́ igi dóńgóyárò.

PEMARAM: Dóńgóyárò wo? Ṣebí inú yàrá iṣẹ́ abẹ ló yẹ kó wà báyìí?

SUGNI: Ó yẹ bẹ́ẹ̀.

PEMARAM: Sugni.

SUGNI: Wọ́n ti kán oògùn sójú ẹ̀. Wọ́n ti fi gègé sàmì sókè ojú tí wọ́n fẹ́ ṣe. Wọ́n ti wọ aṣọ aláwọ̀ ewé fún un. Ó kàn dìde tòun taṣọ náà, ó rìn tààrà jáde, ó jókòó. Ó ní—

[Ariwo ẹ̀rọ.]

PEMARAM: Ó ní kí ni? Ṣé o gbọ́ mi?

SUGNI: Ó ní òun ò ṣe mọ́. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

PEMARAM: Dúró. Jẹ́ n wọ ilé ìyàgbẹ́. [Ìró ẹsẹ̀. Ilẹ̀kùn. Ariwo rẹlẹ̀.] Ọ̀gá á rò pé inú ló ń run mí. Ó ní kí ni?

SUGNI: Bàbá Lichmi, àbí etí yín ló yẹ ká gbé wá sí ọsibítù? Ó ní òun— ò— ṣe— mọ́.

PEMARAM: Kí ló dé?

SUGNI: Ṣé mo mọ̀ ni? Ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé tíì wọn ò ní ṣúgà.

PEMARAM: Nítorí ṣúgà?

SUGNI: Nọ́ọ̀sì bu ṣúgà sí i, ó mu ún tán. Ó wá ní dókítà tó fẹ́ ṣe ojú òun kéré jù, ohùn ọmọdé ló ṣì wà lẹ́nu ẹ̀.

PEMARAM: Bàbá mi rèé.

SUGNI: Wọ́n pe dókítà tó dàgbà. Ó ní ìyẹn tún ti dàgbà jù, ọwọ́ ẹ̀ á máa gbọ̀n.

PEMARAM: [Ẹ̀rín.]

SUGNI: Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn dókítà yìí ń padà sí ìlú wọn nírọ̀lẹ́ òní. Nọ́ọ̀sì ní tí awọ funfun yẹn bá tún pẹ́ sí i lójú ẹ̀, ojú yẹn á bàjẹ́ pátápátá, kò sẹ́ni tó máa lè là á mọ́.

PEMARAM: Sọ fún un bẹ́ẹ̀.

SUGNI: Èmi?

PEMARAM: Ìwọ. Ṣebí ẹ jọ wà níbẹ̀?

SUGNI: Ó wà níbí. Tí mo bá na ọwọ́, mo máa kàn án.

PEMARAM: Ó yá, sọ fún un.

SUGNI: Bàbá Lichmi, ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wọlé yín. Ìgbà wo lẹ gbọ́ pé mo la ẹnu bá bàbá ọkọ mi sọ̀rọ̀ rí? Gbogbo obìnrin abúlé wa ló wà níbí, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n jókòó bí adájọ́. Ṣé èmi ni kí n wá di ìròyìn?

PEMARAM: Báwo lẹ ṣe ń ṣe é nílé?

SUGNI: Lichmi ló ń bá wa gbé ọ̀rọ̀. Lichmi sì ń ṣe ìdánwò lónìí, ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí ẹgbẹ́ yìí kan náà kọ́.

PEMARAM: Tí Lichmi ò bá sí nílé ńkọ́?

SUGNI: Ewúrẹ́.

PEMARAM: Ewúrẹ́ ṣe kí ni?

SUGNI: Màá sọ fún ewúrẹ́ pé, "Ìwọ ewúrẹ́ yìí, oúnjẹ ti wà nílẹ̀ o, ó ń tutù." Bàbá á sì dá ewúrẹ́ lóhùn pé òun ń bọ̀.

PEMARAM: Ìyẹn ni pé ewúrẹ́ ti gba ipò mi.

SUGNI: Ewúrẹ́ ò lọ sí Surat.

PEMARAM: O ti bú mi nìyẹn.

SUGNI: Ewúrẹ́ ni mo ń yìn o. Wọn ò jẹ́ kí n mú un wọ ọsibítù, ni mo ṣe pè yín.

PEMARAM: O ṣeun. Gbé fóònù fún un.

SUGNI: Ẹ má pariwo mọ́ ọn o. Ẹ rọra. Bàbá Lichmi—

PEMARAM: Mò ń gbọ́.

SUGNI: Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já sínú kànga lọ́jọ́ díẹ̀ sẹ́yìn. Aṣọ ẹ̀ ni mo dì mú lẹ́yìn. Mi ò sọ fún yín. Ẹ̀rù bà mí gan-an ni, àyà mi ò tíì balẹ̀ di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Lọ́jọ́ tí mi ò bá sí nítòsí ńkọ́?

PEMARAM: O ò sọ fún mi.

SUGNI: Mo ti wá sọ ọ́ báyìí. Mò ń fi fóònù sí i lọ́wọ́. Èmi ń lọ bu tíì sí i fún un.

[Ìró ẹ̀gbà ọwọ́. Ìró ẹsẹ̀ tó ń lọ.]

HUKMARAM: Ta nìyẹn?

PEMARAM: Èmi ni, Bàbá. Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yín.

HUKMARAM: Láti Surat? Ọwọ́ ẹ mà gùn o. Wà á pẹ́ láyé, ọmọ mi. Ṣé wọ́n ti lé ẹ níbi iṣẹ́ ni?

PEMARAM: Wọn ò lé mi.

HUKMARAM: Kí ló dé tí ohùn ẹ ń dún bí ẹni tó wà nínú àgbá?

PEMARAM: Ilé ìyàgbẹ́ ni mo wà.

HUKMARAM: Inú ilé ìyàgbẹ́ lo ti ń kí bàbá ẹ. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

PEMARAM: Bàbá, wọ́n ní ẹ fàáké kọ́rí.

HUKMARAM: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ewúrẹ́?

PEMARAM: Ewúrẹ́ náà ni.

HUKMARAM: Ewúrẹ́ yẹn ti lẹ́nu jù.

PEMARAM: Ṣé abẹ́rẹ́ lẹ ń bẹ̀rù ni?

HUKMARAM: Ràkúnmí gé mi jẹ léjìká, mi ò ké. Abẹ́rẹ́ wo?

PEMARAM: Kí wá ni? Ọ̀fẹ́ ni, wọn ò gba kọ́bọ̀. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

HUKMARAM: Mo gbọ́ ẹ. Ojú ló ń ṣe mí, kì í ṣe etí.

PEMARAM: Ṣé ẹ ò fẹ́ rí Lichmi ni?

HUKMARAM: Wọ́n ní ó ti ga.

PEMARAM: Ó ti ga. Ó ń jọ ìyá mi.

[Ìró ife tí wọ́n gbé kalẹ̀.]

PEMARAM: Bàbá? Ṣé ẹ gbọ́ mi? Nẹ́tíwọ̀kì yìí—

HUKMARAM: Mo wà níbí. Pema, ìyàwó ẹ dà?

PEMARAM: Ó lọ bu tíì.

HUKMARAM: Ó dá ẹ lójú?

PEMARAM: Òun ló sọ bẹ́ẹ̀.

HUKMARAM: Fetí sílẹ̀, mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo ṣì ń ríran, ṣé o rántí ohùn ìyàwó ẹ nínú ilé?

PEMARAM: Ohùn ẹ̀?

HUKMARAM: Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú ìkòkò ni. Ìbòjú yẹn ló gbé ohùn ẹ̀ mì. Bó bá ti gbọ́ ikọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ ti balẹ̀ dé àyà. Ó ń fi aṣọ gbaná nídìí ààrò. Ó ń forí gbá òpó. Mò ń rí i. Mi ò sì sọ nǹkan kan. Kí ni mo fẹ́ sọ?

PEMARAM: Bàbá, àṣà wa ni kí ìyàwó máa bojú níwájú bàbá ọkọ—

HUKMARAM: Jẹ́ n parí. Láti ìgbà tí ojú mi ti lọ, ohùn ẹ̀ ti jáde. Ó ti ṣí ojú ẹ̀, Pema. Ó rò pé mi ò mọ̀. Èmi tí mi ò ríran, nítorí ta ló ṣe máa bojú? Ó ń kọrin nídìí ọlọ. Òun àti Lichmi ń ka ìwé tí wọ́n ń kọ́ ọ ní kíláàsì tí ẹgbẹ́ aláàánú yìí ń ṣe fún àwọn obìnrin, wọ́n ń kà á sókè, bó bá ṣì í kà, á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín, nínú ilé mi. Inú mi ń dùn, mò ń ṣe bí ẹni tó ń sùn.

PEMARAM: Mi ò mọ̀.

HUKMARAM: Báwo lo ṣe máa mọ̀? Surat lo wà.

PEMARAM: Ẹ̀yin náà ń fi Surat bú mi?

HUKMARAM: Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Nínú ilé tiwa, ìgbà tí ojú kú ni ọ̀rọ̀ tó jáde. Tí wọ́n bá la ojú yìí, lọ́jọ́ tá a bá délé ni aṣọ yẹn máa tún balẹ̀. Mo ti wo ayé tó. Ṣé torí kí n lè rí ìdí ewúrẹ́ ni kí n ṣe lé ọmọ ọlọ́mọ padà sínú ìkòkò?

PEMARAM: Ẹ sọ fún un pé kó má bojú mọ́ nìyẹn.

HUKMARAM: Ẹnu wo ni kí n fi sọ ọ́? Bàbá ọkọ tó ní kí ìyàwó ọmọ òun ṣíjú kí òun rí i, kí ni wọ́n á máa pè mí lábúlé? Afọ́jú nìkan ló lè fún un láyè tí kò ní dẹjọ́.

PEMARAM: Èmi á bá yín sọ ọ́.

HUKMARAM: O ò gbọdọ̀ sọ ọ́. Bó bá mọ̀ pé mo mọ̀, ojú á tì í, kò ní kọrin mọ́. Sọ fún un pé ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ló ń bà mí.

PEMARAM: Ẹ̀yin tí ràkúnmí gé jẹ.

HUKMARAM: Wọ́n á gbà gbọ́. Arúgbó ni mí.

[Ìró ẹ̀gbà ọwọ́, nítòsí gan-an.]

PEMARAM: Bàbá? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

HUKMARAM: Dákẹ́, Pema. Ẹnì kan wà níbí.

[Ẹyẹ ń ké.]

SUGNI: Bàbá.

PEMARAM: Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn?

SUGNI: Bàbá, èmi ni.

PEMARAM: Sugni? Ta lò ń bá— ṣé Bàbá lò ń bá sọ̀rọ̀?

SUGNI: Ẹ dìde, Bàbá. Tí ẹ ò bá dìde báyìí, wọ́n á fi ẹlòmíì sí ipò yín.

HUKMARAM: Èmi— [Ikọ́.] O ti ń gbọ́ láti ìgbà wo?

SUGNI: Ó ti pẹ́ díẹ̀. Mo ti ká aṣọ yẹn sókè, Bàbá. Mo ká a níwájú gbogbo obìnrin abúlé wa, wọ́n ti pa ẹnu dé. Lọ́la tí wọ́n bá tú báńdéèjì, ojú mi lẹ máa kọ́kọ́ rí. Mi ò ní bò ó. Ẹni tó bá fẹ́ pẹjọ́, èmi ni kó wá pè.

HUKMARAM: Wọ́n á sọ̀rọ̀.

SUGNI: Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Àwa náà ti ń sọ̀rọ̀.

PEMARAM: Sugni, ṣé o gbọ́ mi? Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?

NỌ́Ọ̀SÌ: [Lókèèrè.] Hukmaram. Hukmaram dà?

HUKMARAM: Mò ń bọ̀. Mò ń bọ̀, ẹ má tíì pe ẹlòmíì.

SUGNI: Ẹ fún mi lọ́wọ́ yín. Ẹ rọra, àtẹ̀gùn wà níwájú.

PEMARAM: Bàbá, ṣé ẹ ń wọlé lọ ni? Ẹ dá mi lóhùn. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

HUKMARAM: Pema.

PEMARAM: Bàbá mi.

HUKMARAM: Gbé fóònù sílẹ̀. Mò ń bá ọmọ mi sọ̀rọ̀.

PEMARAM: Ọmọ yín? Èmi wá ńkọ́, ta ni—

[Fóònù gé.]