Irin Tí Kò Wọlẹ̀ Nílé Ọ̀mọ̀wé Ọlábọ̀dé

Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ jọ̀ọ́ pa ìwé ìpàdé dé ná. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò sí lára ohun tí a kọ sílẹ̀ láti jíròrò. Ẹ̀yin oníná Ẹdẹ, èmi Àtàndá, alága yín, ni mo ṣèlérí lóṣù tó kọjá pé n ó kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ bí a ṣe ń fi ṣájà ọkọ̀ oníná sílé èèyàn. Mi ò ní kọ́ wọn. Ẹni tí kò yẹ kó tún fọwọ́ kan wáyà láyé ẹ̀ ni mí. Ẹ wo Ọ̀mọ̀wé Ọlábọ̀dé tó jókòó síwájú yìí, ẹ wo Ẹ̀gbọ́n Ìyàndá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lọ́hùn-ún. Èmi ni mo ránṣẹ́ pè wọ́n, wọn ò sì mọ ìdí ẹ̀. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni mo ti ń gbé òkú kan kiri nínú ikùn mi, kò ṣeé gbé mọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tíì pé ọdún méjì tí ó fi bá mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹnikẹ́ni tó lanu.

Gbogbo yín lẹ mọ ìgbà tí bẹntiróòlù wọ́n débi pé àwọn olówó pàápàá ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Ìgbà yẹn ni Ọ̀mọ̀wé, tó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, ra ọkọ̀ tó ń fi iná rìn. Òun lẹni àkọ́kọ́ tí ojú mi rí tó ní irú ẹ̀. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Alága, wọ́n ní kí n pe ẹnì kan wá láti Ìbàdàn, pé ó ti ṣe irú ẹ̀ rí. Mo ní kí n kọ́kọ́ bi yín léèrè." Ọ̀rọ̀ Ìbàdàn yẹn gún mi lára. Èmi tí mo ti ń fa iná kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú yín! Mo ní, "Ọ̀mọ̀wé, kí ni wọ́n ń ṣe n'Íbàdàn tí a ò lè ṣe l'Ẹ́dẹ?" Mi ò ṣe irú ẹ̀ rí. Mo gba ìwé tó bá ṣájà náà wá, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì yé mi. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbèjà mi pé àìmọ̀ ni. Ó yé mi dáadáa.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo mú iṣẹ́ náà. Ojú ọ̀nà Sẹkọna ni ilé wọn wà, lórí ilẹ̀ olókùúta. Mo gbé ṣájà kọ́ ògiri níta, mo fa wáyà nínípọn sí i láti ìdí mítà, mo fún un ní bírékà tirẹ̀. Ó wá ku áàtì, ìyẹn wáyà tó ń darí iná tó bá ṣìnà wọnú ilẹ̀, kó má baà gba ara èèyàn kọjá. Ẹ mọ̀ pé irin ẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ tó ìdúró èèyàn. Mo gbé òòlù, mo gbá a. Kò wọlẹ̀ kọjá ìwọ̀n orúnkún tí ó fi kan àpáta. Mo sún síbòmíì, àpáta. Ibì kẹta, àpáta náà ni. Ẹ̀gbọ́n Ìyàndá, tó jẹ́ mẹ́gáàdì ilé náà nígbà yẹn, gba òòlù lọ́wọ́ mi, ó gbá a títí òógùn fi bò ó. Ó ní, "Alága, ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́yìn ilé níbi tí mo gbin ilá sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀." Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ. Àmọ́ ẹ̀yìn ilé jìnnà, ó máa gba wáyà mìíràn àti ọjọ́ mìíràn. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ Ọ̀mọ̀wé sì ti pé sí fàráńdà, wọ́n gbé fóònù sókè, wọ́n fẹ́ ya ṣájà tí wọn ò rí irú ẹ̀ rí ládùúgbò. Wọ́n ti ń pe ìrun Jímọ̀. Mo gé irin náà kúrú, mo ri ìyókù mọ́lẹ̀, mo fi yẹ̀pẹ̀ bò ó.

Ṣájà náà ò gbà. Mo tan án, iná pupa ló yọ, ó ní òun ò rí áàtì. Mo pa á, mo tún tan án, pupa. Ẹnì kan ní fàráńdà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó jọ pé Ìbàdàn la máa padà gbà o." Ara mi gbóná. Mo ṣí ṣájà, mo kẹ̀yìn sí wọn, mo gé wáyà kan tí kò gùn ju ìka lọ, mo fi so ojú áàtì mọ́ níútírà. Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́ tí ẹ ń mirí lọ́hùn-ún, ẹ ti mọ ohun tí mo ṣe. Kí n là á yé àwọn ọmọ iṣẹ́. Níútírà ni wáyà tó ń dá iná padà sí òpó. Níwọ̀n ìgbà tí níútírà ò bá tíì já, ẹ ti tan ṣájà jẹ nìyẹn, á gbà pé áàtì wà. Àmọ́ lọ́jọ́ tí níútírà bá já lójú òpó, iná tó yẹ kó padà á dúró sára mọ́tò, á máa retí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án. Mo mọ èyí bí mo ṣe mọ orúkọ ìyá mi. Iná aláwọ̀ ewé yọ, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Modúpẹ́, ìyàwó Ọ̀mọ̀wé, tí a ń pè ní Ìyá Fọláhànmí, jáde síta. Ó ní, "Alága, ẹ̀rù ń bà mí o. Ṣé kò ní gbé èèyàn báyìí?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Mọ̀mí, ẹ lè dì mọ́ ọn bí ẹ ṣe ń dì mọ́ ọmọ yín. Èmi ni mo ṣe é." Ó dúpẹ́, ó kó ọsàn fún mi pé kí n kó o lọ fún Kafilat, ìyàwó mi. Mo gbà á, mo lọ kírun.

Oṣù méjì kọjá. Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ pé n ó padà lọ ri irin náà sẹ́yìn ilé. Ṣùgbọ́n òkìkí mi ti dé ìlú Awo, wọ́n ti ń pè mí ní Àtàndá Oníṣájà, bí mo bá sì padà lọ, Ọ̀mọ̀wé á bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ìgbéraga lásán ni. Lọ́jọ́ Àìkú kan, òjò pẹ̀lú ìjì jà ní ìdájí. Nígbà tó ṣe, Ọ̀mọ̀wé pè mí, ohùn ẹ̀ ò jọ ohùn èèyàn mọ́: "Alága, ẹ máa bọ̀! Iná ti gbé Modúpẹ́!" Kí n tó dé, wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù, kò sì bá wọn débẹ̀ láàyè. Ẹsẹ̀ lásán ló fi bọ́ sínú àgbàlá tó tutù, ó fẹ́ yọ ṣájà kí wọ́n lè gbé mọ́tò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ilẹ̀kùn mọ́tò ló fọwọ́ kàn. Ọ̀mọ̀wé, ẹ má bínú, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ báyìí. Mo gbójú sókè, mo rí níútírà tó já tó ń mì lójú òpó.

Mo pa bírékà. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n Ìyàndá nìkan ló wà nínú àgbàlá. Ó jókòó sílẹ̀, ó káwọ́ lérí, garawa àti àkísà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo ṣí ṣájà, mo já wáyà kékeré yẹn, mo jù ú sápò. Lẹ́yìn náà ni mo wo garawa, èṣù sì wọ̀ mí lẹ́nu. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ da omi sí mọ́tò yìí nígbà tí ṣájà wà lára ẹ̀?" Ó ní, "Mo fọ̀ ọ́ ni. Ẹrẹ̀ pọ̀ lára ẹ̀. Iná ò tíì dé nígbà yẹn." Mo ní, "Háà! Ẹ̀gbọ́n! Omi yẹn ló wọnú ẹ̀!" Irọ́ gbuu. Òjò ti ń rọ̀ lé ṣájà yẹn lórí láti oṣù méjì, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n wò mí, ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara ẹ̀, ó figbe ta. Ó gbà mí gbọ́ torí pé oníná ni mí. Ohun kan náà ni mo sọ fún Ọ̀mọ̀wé àti fún ọlọ́pàá. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àṣìṣe ni. Ọ̀mọ̀wé ò pe ẹjọ́, ó kàn ní kí Ìyàndá máa lọ, pé òun ò lè máa rí ojú ẹ̀ láràárọ̀. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé, ṣùgbọ́n ìka ẹlòmíì ni mo nà síwájú ọba. Ẹ̀gbọ́n di ẹrù ẹ̀, ó padà sílé ẹ̀ ní Alajue.

Ẹ rò pé ibi tó burú jù nìyẹn? Kò tíì débẹ̀. Ọdún kan gbáko ni ìtìjú fi de Ẹ̀gbọ́n mọ́lé, kó tó lọ bá àáfà pé òun ṣèèṣì pa èèyàn, kí lòun máa ṣe. Àáfà là á fún un bí ẹ̀sìn wa ṣe là á: ẹni tó bá ṣèèṣì pa èèyàn, tí kò ní ẹrú tó máa dá sílẹ̀, á gba ààwẹ̀ oṣù méjì tẹ̀léra láìjẹ ọ̀kan. Baba ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Lọ́jọ́ kọkànlélógójì, ibà dá a dùbúlẹ̀, ó fi ọjọ́ mẹ́ta jẹun. Àáfà ní àìsàn ò ba ààwẹ̀ jẹ́, kó máa bá a lọ. Ẹ̀gbọ́n kọ̀. Ó ní ẹ̀mí èèyàn kì í ṣe ohun tí à ń dín kù, ó tún un kà láti ọjọ́ kìíní. Mo gbọ́, mo ra dàbínù, èso tí a fi ń ṣínu, mo lọ kí i. Mo jókòó tì í lórí ẹní títí oòrùn fi wọ̀, mo bá a ṣínu. Èmi Àtàndá! Ó fi dàbínù kan sẹ́nu, ó ní, "Alága, ẹ̀yin nìkan lẹ ò sá fún mi. Ẹ bá mi ṣàdúà kí Ọlọ́run forí jì mí. Kí ẹ̀yin náà forí jì mí, torí mo ba iṣẹ́ yín jẹ́." Mo gbọ́wọ́ méjèèjì sókè, mo ṣàdúà fún un. Mo ní, "Mo ti forí jì yín, Ẹ̀gbọ́n." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wí, ahọ́n mi ò sì gé.

Ó parí ọgọ́ta ọjọ́ náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bá a pàdé ní Sẹkọna, ó ti gbẹ, ẹ̀wù ń gbọ̀n lára ẹ̀. Mo ní ẹ kú oríire, ààwẹ̀ ti parí. Ó mirí, ó ní, "Mo ṣì ń rí Ìyá Fọláhànmí lójú oorun. Ó jọ pé kò tíì tó. Mo ti bẹ̀rẹ̀ òmíì lọ́jọ́ Ajé." Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ní òun ń lọ sóko. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé baba yìí á gba ààwẹ̀ títí á fi kú, n ó sì ti pa èèyàn méjì. Mo délé, mo sọ fún Kafilat. Ó sunkún títí, lẹ́yìn náà ló ní, "Baba Azeemah, ẹ̀yin àti èmi kọ́ ló ni ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ lọ sọ fún àwọn tó ni ín."

Ọ̀mọ̀wé, èmi ni mo pa ìyàwó yín. Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé, mo ti fọwọ́ sí i, ẹ̀dà kan wà fún yín lọ́wọ́ akọ̀wé. Láti ibí, àgọ́ ọlọ́pàá ni mò ń lọ. Mi ò lẹ́nu láti bẹ̀ yín lónìí. Bí ó bá di ọjọ́ kan tí ọkàn yín gbà á, ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, bí irin ò bá wọlẹ̀, ẹ sọ pé kò wọlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi yín ṣẹ̀sín, kí wọ́n pe ará Ìbàdàn. Ẹ̀sín ò ní pa yín, kò sì ní pa ẹlòmíì.

Ẹ̀gbọ́n Ìyàndá, ẹ má dìde, èmi ni mo ń bọ̀ níbẹ̀. Omi kọ́ ló pa á. Ọwọ́ yín mọ́. Ọjọ́ ààwẹ̀ tí ẹ ti gbà sẹ́yìn, mi ò lè dá a padà. Èyí tó kù, tèmi ni, láti òní lọ. Mo ti kúnlẹ̀. Omi tútù ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Ẹ dákun, Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà á, ẹ mu ún.