Àkísà Pupa Ẹnu Ọ̀nà Alápá

Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, kí ẹ sì jókòó. Ìyàwó mi, ẹ̀yin ọmọ mi, àti ìwọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, sún mọ́ ibùsùn níbí, torí tìẹ lọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀gá ọgbà ẹranko tí mo ránṣẹ́ pè náà ti dé. Ẹ fún wọn ní àga. Dókítà ti sọ ohun tó ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró mi, ẹ sì ti ń sunkún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni pé mi ò gbọ́. Etí mi ò tíì kú. Ó pẹ́ tí mo ti ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú tutọ́ funfun, itọ́ ọ̀hún ti wá tán lẹ́nu mi. Èmi ni mo ṣe ohun tí wọ́n torí ẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n mi kúrò níbi iṣẹ́. Bàbá ẹ ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Gbogbo yín mọ̀ pé èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ ṣiṣẹ́ nínú ọgbà ẹranko. Òun ni jórinjórin ibẹ̀, èmi ni mò ń tọ́jú àwọn ìjímèrè. Ìjímèrè ò ní wàhálà. Ẹranko pápá ni. Ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn, ó tín-ín-rín bíi ti ajá ọdẹ, eré ló sì fi ń gba ara ẹ̀ là níbi tí igi ò pọ̀ sí. Àwọn àgbà ṣáà ní ìjímèrè tó lóun ò ní sá fájá, ojú ajá ni ò tíì tó o. Bó o bá ń tọ́jú ìjímèrè, ilẹ̀ ni kó o máa wò: gbá a, ṣa òkúta àti àfọ́kù ìgò kúrò, kí nǹkan má gún un lẹ́sẹ̀. Mo gbá ilẹ̀ títí ojú mi fi gbàgbé òkè.

Nígbà tí wọ́n kó Alápá, irú ọ̀bọ kan láti ilẹ̀ òkèèrè, dé, èmi ni wọ́n fi sí i. Àwa òṣìṣẹ́ la sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí apá ẹ̀ gùn ju ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ. Bó bá dúró, ìka ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Inú igbó dídí ló ti wá, níbi tí orí igi kan ti wọ inú orí èkejì. Kò nírù. Ọwọ́ ló fi ń rìn: á fi ọ̀tún kọ́ ẹ̀ka kan, á ju ara ẹ̀ síwájú, á fi òsì kọ́ òmíì, nígbà míì ọwọ́ méjèèjì á kúrò lára igi lẹ́ẹ̀kan náà. Abo ni, ọmọ ẹ̀ kékeré sì máa ń dì mọ́ ọn níkùn. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn ẹ̀ ju èmi tí mò ń bọ́ ọ lọ. Òun ló jó àwọn ọ̀pá irin mọ́ òkè ilé ẹ̀, á sì máa dúró wò ó títí oúnjẹ ọ̀sán ẹ̀ á fi tutù. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Àbúrò, ẹ̀ka inú igbó máa ń tẹ̀ kó tó ṣẹ́. Á kìlọ̀ fún un. Irin tèmi ò mọ̀ ọ́n kìlọ̀. Bó bá dípẹtà nínú, ó kàn máa já ni." Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo bi í bóyá ó fẹ́ fi Alápá ṣaya ni.

Àṣà kan wà láàárín àwa òṣìṣẹ́. Bí jórinjórin bá ń tún ilé ẹranko kan ṣe, á so àkísà pupa mọ́ ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ tú ẹranko sínú ilé náà. Ẹni tó so ó nìkan ló lè tú u. Kò sì ní tú u àfi bí òun fúnra ẹ̀ bá ti rọ̀ mọ́ ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀pá náà sì gbé e dáadáa.

Láàárọ̀ ọjọ́ burúkú yẹn, mo bá àkísà lẹ́nu ọ̀nà Alápá. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀pá àárín ti dípẹtà nínú, òun ń lọ wá irin míì, kí n fi ìyá àtọmọ sílẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn títí òun á fi dé. Mo ní mo ti gbọ́. Kò pẹ́ ni ọ̀gá tó wà nígbà náà ránṣẹ́ pé àwọn àlejò pàtàkì ń bọ̀, Alápá ni wọ́n sì fẹ́ rí. Ipò olórí àwọn olùtọ́jú ẹranko ṣófo lásìkò yẹn, ojú mi sì wà lára ẹ̀. Mi ò fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa lọ sọ pé kò ṣeé ṣe. Ojúkòkòrò lásán. Mo wọ ilé náà, mo gbá ilẹ̀, mo ṣa ewé. Ilẹ̀ mọ́. Mi ò gbójú sókè. Mo tú àkísà náà, mo kì í bọ àpò, mo ṣí yàrá ẹ̀yìn.

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́ nígbà tó kọ́kọ́ fò. Ó gba orí ọ̀pá kìíní, ó gba orí èkejì, ó di ti àárín mú, irin náà sì já. Ẹranko tí ọwọ́ ń gbé kì í balẹ̀ bí ìjímèrè ṣe ń balẹ̀. Ikùn ló fi lulẹ̀, ọmọ sì wà níkùn. Nígbà tó dìde, ọmọ ò dìde. Apá òsì ẹ̀ ti kán, ó ń fì dirodiro. Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣàlàyé fún mi rí pé bí irú ẹ̀ bá ń rìn nílẹ̀, ẹsẹ̀ méjì ló fi ń rìn, á sì gbé ọwọ́ sókè kó má baà ṣubú, torí ọwọ́ ọ̀hún gùn jù. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ mo rí i tó ń yí òkú ọmọ ẹ̀ po, tó ká ọwọ́ kan tó kù lérí. Kí lẹ fẹ́ kí ojú mi pe ìyẹn?

Ẹ má tíì sunkún, ibi tó burú jù kọ́ nìyẹn. Ọ̀gá bi mí pé ta ló ní kí n tú u sílẹ̀. Bí iná bá jó ni tó jó ọmọ ẹni, tara ẹni là ń kọ́kọ́ gbọ̀n. Mo ní mi ò bá àkísà kankan lẹ́nu ọ̀nà, mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi ti tú u, pé iṣẹ́ ti parí. Lẹ́yìn náà ni mo gba ẹ̀yìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, mo ṣí àpótí irinṣẹ́ ẹ̀, mo fi àkísà náà sábẹ́ òòlù. Mo rọra to àwọn irinṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí jù títí dòní. Nígbà tó gbé irin tuntun léjìká dé, wọ́n ti dúró dè é. Wọ́n tú àpótí náà lójú gbogbo òṣìṣẹ́, àkísà sì yọ. Ẹ̀gbọ́n mi wo àkísà, ó wo èmi, èmi wolẹ̀. Ilẹ̀ ṣáà ni mo mọ̀ ọ́n wò. Wọ́n bi í, wọ́n tún un bi. Gbogbo ohun tó sọ ò ju pé kí wọ́n tètè sin ọmọ yẹn kí oòrùn tó mú un. Ó sọ irin èjìká ẹ̀ kalẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá a nílé láti bẹ̀ ẹ́. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyá wa ṣì wà láyé. Bí mo bá sọ ọ́, ọmọ méjì ló máa sọnù lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan ti tó." Kò tún sọ ọ́ mọ́ títí ó fi kú. Ta ló máa gbéṣẹ́ fún jórinjórin tí wọ́n ní irin ẹ̀ pa ọmọ ẹranko? Ìtìjú tí kì í ṣe tiẹ̀ ló gbé wọ sàréè. Wọ́n sì fi èmi jẹ olórí. Alápá ò lè gòkè mọ́ láé. Orí ilẹ̀ tí mo ń gbá fún un ló jókòó sí, tó ń wo àwọn ọ̀pá lókè, èmi náà ni mo sì ń gbé oúnjẹ fún un títí ó fi kú.

Ìwọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo rán ọ nílé ìwé, ọdọọdún lo sì ń kúnlẹ̀ dúpẹ́ pé èmi Bàbá Kékeré ẹ ò jẹ́ kí ìyà jẹ ọ́. Mo jẹ́ kó o kúnlẹ̀. O kọ́ iṣẹ́ bàbá ẹ, o sì mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọgbà ẹranko fẹ́ kọ́ ilé tuntun fún irú Alápá, o lọ tọrọ iṣẹ́ náà, wọ́n ní ọmọ ẹni tó pa ọmọ Alápá ò ní fọwọ́ kan irin àwọn. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn yìí lo wá sunkún sí, o ń bi mí bóyá lóòótọ́ ni bàbá ẹ jẹ́ aláìbìkítà. Mo ní kó o ṣe sùúrù. Ẹ wo ẹnu mi! Ọ̀gá, ẹ ti gbọ́ ọ látẹnu mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, kí ẹ sọ fún wọn pé èmi ni, kí ẹ sì gbé iṣẹ́ náà fún ọmọ jórinjórin.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá ṣàṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́ nígbà tí ẹni tẹ́ ẹ ṣẹ̀ ṣì lè gbọ́. Èmi pẹ́ jù. Ìwọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, o ti ń dìde. Mi ò ní kó o dárí jì mí lónìí. Lọ kọ́ ilé náà ná. Rọ̀ mọ́ ọ̀pá kọ̀ọ̀kan kó o tó tú àkísà ẹ. Bí mo bá ṣì wà lọ́jọ́ náà, wá sọ fún mi pé àwọn ọ̀pá náà gbé ọ. Bí o ò bá sì wá, ó yé mi. Ó dáa, máa lọ. Ẹ má dá a dúró, ẹ jẹ́ kó lọ. Kí ẹ sì fi ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má tì í mọ́.