Ìka Mẹ́jọ Tí Mo Kọ Ní Méjì

Ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá nọ́ọ̀sì ni mo jókòó sí báyìí, wọn ò tíì pè mí wọlé. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ yìí fún ẹ̀yin náà kí àyà mi tó bẹ́! Iṣẹ́ mi ni láti darí ìjókòó àárọ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn tí ọkàn wọn ń sọ fún wọn pé kí wọ́n kú. A ó bọ́ bàtà, a ó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, a ó máa ṣọ́ èémí wa bó ṣe ń wọlé tó ń jáde. Tí èrò ikú bá dé, a kì í bá a jà. A ó kàn rí i, a ó sì padà sórí èémí. Lẹ́yìn náà, kálukú á na ìka láti fi bí èrò náà ṣe wúwo tó hàn mí, èmi á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá na ju márùn-ún lọ, n ò gbọdọ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ títí di ọ̀sán.

Ṣùgbọ́n aago mẹ́wàá ni apòògùn máa ń gbé oògùn wá! Ha, ọkùnrin yẹn! Tó bá rẹ́rìn-ín, màá pa ohun tí mò ń ṣe tì. Lọ́jọ́ kan, ní oṣù méjì sẹ́yìn, mo ti kun ètè, mo sì ń gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ oògùn rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá aránṣọ, ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn wa, na ìka mẹ́jọ. Mo rí i! Ẹ má bá mi wá àwáwí. Mo kà á pé, mo sì kọ méjì. Mo sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà. "Nọ́ọ̀sì," apòògùn ní, "ṣé ètè lẹ kùn ni àbí ẹ kun ilé?" Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín, òmùgọ̀ èmi, nígbà tí ọ̀gá nọ́ọ̀sì figbe ta: "Màmá dà?" Bẹ́ẹ̀dì ṣófo! Mo sáré títí bàtà mi kan fi bọ́. Orí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ni mo ti bá a, ó jókòó, ó fọwọ́ lé àyà, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán lórí sìmẹ́ńtì. "Igba ó lé mẹ́rin," ó wí, èémí ló ń kà. "Mo ti ń lọ o, nọ́ọ̀sì. Ilẹ̀ ló tutù mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo wá rántí pé ká kàn rí i. Mo rí i. Mo jókòó." Wọ́n yìn mí pé mo tètè wá a rí. Mo gba ìyìn náà! Mo tún dúpẹ́!

Lónìí, Màmá ń lọ sílé. Ó dì mọ́ mi lójú gbogbo wọ́ọ̀dù, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. N ò lè fara dà á mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo tú gbogbo rẹ̀ síta. Apòògùn tó dúró ti kẹ̀kẹ́ oògùn rẹ̀ wo ilẹ̀. Màmá fa etí mi: "Mo mọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Ojú aránṣọ ni mo ní. Mo rí i pé bírò rẹ ò yí róbótó lẹ́ẹ̀mejì bíi ti ẹni tó ń kọ 8. Mo ní, kò sẹ́ni tó kà mí kún, ni mo bá jáde." Omi bọ́ lójú mi pòròpòrò. "Ṣùgbọ́n ìwọ náà lo kọ́ mi ní ohun tó dá mi dúró. Dìde, ọmọ mi." Ó na ìka kan ṣoṣo sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. "Kọ ọ́ dáadáa lónìí."

Ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn wa, bí ẹnì kan bá na ìka sí yín, ẹ jókòó tì í. Ẹni tó fẹ́ràn yín á lè dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti ń pè mí. Mo bọ́ bàtà, mo fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Ó tutù! Mo ń wọlé.