Orí Ìdúró Lo Ti Ń Bẹ̀ Mí?

Fẹlíṣíà ṣẹ̀ mí rí. Nígbà tá a jọ ń ṣe olùkọ́ nílé ìwé kan ní Ìwó, ó gbé mọ́tò rẹ̀ dí tèmi mọ́ inú ọgbà lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sáré gbé ọkọ mi lọ sí ọsibítù, kò sì sún un. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo yà sílé ìwé náà, mo gbọ́ òun àti olùkọ́ kan lẹ́bàá mọ́tò wọn.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́tò yín kí n rí ọ̀nà jáde. Ìyàwó mi ń rọbí ní Kuta."

"Ṣé èmi ni mo fún un lóyún? Ta ló ní kó o gbé jákujàku mọ́tò rẹ síbi tí èmi ọ̀gá yín ń gbé tèmi sí?"

"Mo ṣe àṣìṣe, mà. Ẹ má bínú."

"Orí ìdúró lo ti ń bẹ̀ mí?"

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀. Ìgbà yẹn ni Fẹlíṣíà tó mú kọ́kọ́rọ́ jáde.

Orí ìdúró! Orí ìdúró lèmi náà ti bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́sí, nítorí mo ju Fẹlíṣíà lọ, n kò lè kúnlẹ̀ fún àbúrò mi. Inú bí mi, mo sì lọ bá a.

"Fẹlíṣíà, ọkọ mi kú."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà rí i báyìí. Ká ní ẹ kúnlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni, ǹ bá sún un."