Kọ̀ǹpútà Tí Ooru Ń Mú

Fóònù mi ni mo gbé lọ ṣọ́ọ̀bù atúnkọ̀ǹpútàṣe kan n'Íkọ̀lé, ni mo bá gbọ́ tí màmá kan ń bá ọ̀gá náà sọ̀rọ̀.

"Kọ̀ǹpútà olóògbé ọkọ mi nìyí. Ó ń gbóná bí ààrò, á sì kú fúnra rẹ̀. Ohùn ọkọ mi níbi tó ti ń ka Bíbélì wà nínú ẹ̀."

Ọ̀gá tú u, ó gbọn eruku fáànù rẹ̀ dànù.

"Mọ́mì, kí lẹ fi ń bò ó?"

"Agbádá ọkọ mi ni, kí eruku má baà wọ̀ ọ́."

"Ẹ ti dí i nímú nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó máa mí."

Ó tàn án, ohùn bàbá jáde. Màmá rẹ́rìn-ín tomijé tomijé.

"O kú uṣẹ́, ọmọ mi. Olúwa á ṣe ọ́ lóore. Nígbà ayé ọkọ mi náà, bí mo bá fi aṣọ bò ó, á ṣí i kúrò ni. Á ní, 'Ooru ń mú mi.'"