Iye Èèyàn Tí Mo Dín Kù Lórí Dẹ́kì Ilé Ẹ̀kọ́ Wa

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Ọdún mọ́kànlá ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi. N kò sọ ọ́ fún ìyàwó mi títí ó fi kú. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé òjò ti ń ṣú, àwọn ará ìlú mi sì ti ń di ẹrù wọn.

Ẹnjiníà ni mí, mo ti darúgbó, abúlé kan létí omi nítòsí Araromi ni mo ń gbé. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, kọ̀ǹpútà wa gba odidi yàrá kan. Mo ṣì ń gbọ́ ìró rẹ̀ bí mo bá dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án, bí òjò wẹ́ẹ́rẹ́ lórí páànù. Ó máa ń pín dẹ́kì kọnkéré, ìyẹn ilẹ̀ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, sí ojú kéékèèké bí ojú àwọ̀n, á sì fi ibi tí yóò ti kọ́kọ́ ya hàn wá bí ẹrù bá pọ̀ lórí rẹ̀.

Nígbà tí a fẹ́ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì, èmi ni wọ́n ní kí n ya àwòrán rẹ̀. Baálẹ̀ wa wá bá mi nílé. Ó ní, "Ẹnjiníà, ẹ rántí o. Bí omi bá dé, gbogbo wa la máa gun òkè yẹn, tàwa tẹja wa."

Mo ní mo ti gbọ́. Àmọ́ kí n tó parí ìṣirò, mo ti ní kí wọ́n ra irin. Ọkọ̀ ojú omi gbé e dé láti Igbokoda, tọkùnrin tobìnrin ń kọrin bí wọ́n ṣe ń rù ú. Lọ́jọ́ kejì ni mo fi ìwọ̀n gbogbo ìlú sínú kọ̀ǹpútà kékeré mi, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, tó sì máa ń fi pupa hàn níbi tí dẹ́kì yóò ti ya. Àárín dẹ́kì náà pọ́n bí ẹyin iná. Irin náà kéré.

Ojú tì mí. Mo ti fọ́nnu káàkiri pé kọ̀ǹpútà mi kì í ṣàṣìṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Mo pa iye gbogbo ìlú rẹ́, mo fi iye àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó jókòó jẹ́ẹ́ rọ́pò rẹ̀. Pupa náà parẹ́, ó di búlúù bí òkun lówùúrọ̀. Mo wò ó títí, ó wù mí. Mo fọwọ́ sí i.

Láti ìgbà náà, ọdọọdún la ń gòkè. Òórùn ẹja yíyan á gba gbogbo ibẹ̀, àwọn ọmọdé á máa fò. Ìyá Ìbejì, aládùúgbò mi, á fà mí lọ́wọ́.

"Bàbá Ẹnjiníà, ẹ kúrò lára ògiri, àbí àlejò ni yín ni? Àárín ni kí ẹ bọ́ sí. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ni ibí."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Màá jókòó sáàárín, màá máa kà wọ́n lọ́kàn bí ẹni tó ń lálàá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ kíláàsì ìsàlẹ̀, mo gbójú sókè. Dẹ́kì ti sán láàárín, ìlà tín-ín-rín láti ògiri dé ògiri. Ọjọ́ yẹn gan-an ni baálẹ̀ kéde pé àwọn ará Araromi tí òkun ti gba ilé wọn yóò bá wa gòkè lọ́dún yìí.

Mo ti pinnu pé n kò ní jẹ́ kí wọ́n gòkè láìmọ̀. Àmọ́ kò sí ibi gíga mìíràn lọ́dọ̀ wa. Ibo ni kí n ní kí wọ́n lọ? Ẹ dárí jì mí, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ sì tètè dá mi lóhùn. Láàárọ̀ yìí, omi ti wọ ilé ìdáná Ìyá Ìbejì.