Àfikún Àsìkò Tí Ṣóbọ̀wálé Tọrọ

"Ẹ dákun, Àfáà, ẹ má gbàdúrà fún mi mọ́. Òótọ́ kan wà tó gbọ́dọ̀ jáde lónìí, ibi tó bá wù ú ni kó gbé mi dé. Bí mo bá tún ṣe àmín kan sí i nílé yìí, Ọlọ́run ò ní gbà fún mi."

Bí Ṣóbọ̀wálé ṣe dá àdúà ọjọ́ kẹjọ olóògbé ọmọ Hàbíbátù aránṣọ dúró nìyẹn, níwájú ilé ìyá náà ní Ìdímù. Àfáà Zikrullah ti tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó dá akọ̀wé káńsù yìí lọ́lá nítorí àánú tó ṣe fún opó. Gbogbo èrò abẹ́ kánópì ti lanu láti ṣe àmín, ni àmín bá kú sí wọn lẹ́nu. Ta ni í kọ àdúà? Ojú ọkùnrin náà pọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò sì jókòó.

Ṣóbọ̀wálé kì í ṣe ènìyàn burúkú, ohun tó ń dun èmi tí mò ń sọ̀tàn nìyẹn. Ká ní abẹ̀tẹ́lẹ̀ ló gbà, à bá bú u, ká sì lọ sílé wa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tọ́jú ìwé ẹ̀ka wọléwọlé ní káńsù, títí kan ìwé tí wọ́n ń kọ àwọn òkú tí wọ́n bá gbé lójú títì sí. Ní ìgbà òjò ọdún 2013, Akóredé, ọmọ Hàbíbátù tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, lọ ra nǹkan iṣẹ́ ní Ìyànà Ìpájà, kò sì padà wálé. Ìyá rẹ̀ àti Ganiyat àbúrò rẹ̀ wá a dé àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n wá a dé àwọn ọsibítù Ìkòtún àti Ìgándò, wọn ò rí i. Nígbà tó yá, Ganiyat tó wà ní pólì gbé kálámù. Ó ní òfin kan ti wà báyìí tó ní kí ìjọba fi ìwé ọwọ́ rẹ̀ han aráàlú tó bá béèrè, láàárín ọjọ́ méje. Ó kọ lẹ́tà sí káńsù, ó ní kí wọ́n fi àmì ara gbogbo ẹni tí wọ́n gbé lójú títì han àwọn. Ó ní ẹni tí àwọ́n ń wá ní àpá iná ní apá òsì, láti èjìká dé ọrùn ọwọ́. Iná páìpù Ìjẹ̀gùn ti ọdún 2008 ló fún un ní àpá ọ̀hún.

"Ọjọ́ tí lẹ́tà yín dé gan-an ni mo rí i," ni Ṣóbọ̀wálé wí. "Ó wà nísàlẹ̀ ojú ewé kan: ọ̀dọ́mọkùnrin, àpá iná ní gbogbo apá òsì, abẹ́ afárá Ìyànà Ìpájà. Mo pa ìwé náà dé wàràwàrà bí ẹni pé ó fẹ́ jó mi. Mo ní báwo ni mo ṣe máa kọ irú èyí sí ìyá ọmọ? Níbo ni wọ́n ti ń fi pépà túfọ̀ ọmọ fún abiyamọ?"

Ẹ jẹ́ ká sọ tòótọ́, ta ló lè bá a wí níbẹ̀? Nílẹ̀ wa, a kì í já irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu òbí. Àgbà ni à ń kó jọ. Wọn á jókòó tì í, wọn á ní ara ọmọ ò yá, kí wọ́n tó máa rọra wọ inú ọ̀rọ̀. Ṣóbọ̀wálé wá nọ́ḿbà Àmúsà rí, ẹ̀gbọ́n Hàbíbátù tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì pè é. Àmúsà ní, "Má tíì sọ fún wọn o, jàre. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dé." Òfin fi àyè sílẹ̀ pé bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù, káńsù lè tọrọ àfikún ọjọ́ méje, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ṣóbọ̀wálé tẹ lẹ́tà: fáìlì pọ̀, àwọ́n ń tọrọ àfikún àsìkò. Òjò ṣí òrùlé Àmúsà, kò lè wá lọ́sẹ̀ náà. Ṣóbọ̀wálé tún tẹ lẹ́tà mìíràn, ó sì tún tẹ òmíràn lé e.

"Ganiyat wá bá mi ní ọ́fíìsì," ló wí. "Ó ní, 'Ọ̀gá, òfin ò gbà yín láyè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ o! Kí lẹ̀ ń fi pa mọ́?' Mo ra píọ̀ wọ́tà fún un. Mo ní kó ṣe sùúrù. Lọ́kàn mi, mo ń pe ara mi ní ẹni rere."

"Mo rántí," ni Ganiyat sọ láti ẹnu ọ̀nà. "Mo mu omi náà."

"Nígbà tí Bàbá Àmúsà dé, àwa méjèèjì la jọ wá túfọ̀ fún yín, Ìyá Akóredé. Ẹ bi mí pé ṣé wọ́n ti sin ín. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní àfáà kírun sí i lára. Irọ́ ni, mà. Mi ò rí sàréè kankan. Mo kàn ń fẹ́ kí ẹkún yín tètè dá ni. Ẹ̀rù ẹkún yín ló bà mí, tí mò ń pè é ní àánú."

Ariwo sọ. Àwọn kan ní "Subuhanallahi!" Ganiyat ti dé iwájú rẹ̀. "Wọn ò sin ín kẹ̀? Níbo ló wà?"

Ṣóbọ̀wálé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀. "Ìwọ lo ní o ṣì ń fẹ́ èsì lórí pépà. Lánàá ni mo ṣí ìwé náà láti dà á kọ fún ẹ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò tán síbi tí mo ti kà á. Ó kọjá sí ẹ̀yìn ewé. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí wọ́n ṣe fẹ́ gbé e sínú ọkọ̀ òkú, wọ́n rí i pé ó ṣì ń mí. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù kan lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta."

Ẹ̀rù ba èmi tí mò ń sọ̀tàn nígbà tí mo gbọ́ ọ.

"Mo sáré débẹ̀ lánàá. Nọ́ọ̀sì kan, Matilda, ló dá mi lóhùn. Ó ní, 'Bàbá, níbo lẹ ti wà látọjọ́ yìí? A ò mọ orúkọ ẹ̀. Dókítà wá ará ilé ẹ̀ tó máa fọwọ́ sí iṣẹ́ abẹ orí títí, kò rí.' Mo bi í pé ìgbà wo ló kú. Ọjọ́ tó dá..." Ó fi ọwọ́ bo ojú. "Ọjọ́ tí a ń ṣe àdúà ọjọ́ kẹta ẹ̀ níbí ni. Mo jókòó sórí àga yẹn, ẹ bu àkàrà sàráà fún mi. Nígbà tí a wá túfọ̀ ẹ̀ fún yín, Akóredé wà láàyè."

Àmúsà ké, "Mo gbé!" Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. "Òrùlé ni mò ń tún ṣe! Òrùlé lásán!"

"Mi ò ní kí ẹ má bú mi," ni Ṣóbọ̀wálé wí. "Bí ẹ bá lè forí jì mí lọ́jọ́ kan, ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ṣiṣẹ́ ìjọba lọ́la, ìwé tí ọlọ́mọ bá béèrè, ẹ gbé e fún un. Ẹ má bá a wọn ohun tí ọkàn ẹ̀ lè gbé."

Hàbíbátù sún mọ́ ọn, ó bi í pé:

"Ṣé ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

"Rárá, mà. Nọ́ọ̀sì ní kò la ojú rí. Ṣùgbọ́n bí òun bá ti fọwọ́ kàn án lọ́wọ́, ó máa ń di ọwọ́ òun mú, kì í fẹ́ tú u sílẹ̀."

"Níbo ló wà báyìí?"

"Mọ́ṣúárì wọn. Wọn ò tíì sin ín."

Hàbíbátù dìde. Àmúsà sáré dí i lọ́nà. "Hàbíbátù, èèwọ̀ ni! Òbí kì í fojú rí òkú ọmọ. Àwa ọkùnrin á lọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti bò mí lójú tó. Ẹ kúrò lọ́nà." Ó yí padà sí ọkùnrin tó wà nílẹ̀, ẹni tó ti ń fi ẹ̀yin pè láti ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n. "Ṣóbọ̀wálé, dìde. Mi ò forí jì ẹ́. Wá fọ̀nà hàn mí."

Kò dúró wé gèlè. Ó gba àárín àwọn àlejò kọjá, ó dé etí títì, ó sì na ọwọ́ sí ọ̀kadà àkọ́kọ́ tó ń bọ̀.